Fóònù Tó Ń Wọṣọ fún Ènìyàn: Ojú Ló Ní, Kò Ní Ọwọ́

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí yìí, ó lè jọ eré létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré rárá. Àwọn aláṣọ àti àwọn tó ń ta òkìrìkà láàárín wa ló mú un wá sí ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin tó ti máa ń bá wọn rajà tẹ́lẹ̀ á dé ìsọ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan aṣọ, fóònù ni wọ́n á yọ. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, mo ti wọ irú èyí lórí fóònù, ó sì bá mi mu." Ẹni tí kò bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, tí kò kúrò lójú kan, ó ti wọ aṣọ mẹ́wàá. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní ó dàbọ̀ o, wọ́n á lọ sanwó fún ẹni tí wọn ò rí sójú rí.

Àwọn kan nínú wa ní ìran ni. Àwọn kan ní ìgbà ló dé, pé ká káwọ́ gbera. Àwa tí à ń kọ ìwé ẹgbẹ́ ní rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ iṣu rẹ̀ lóko, kò lè mọ irú pàkúté tó máa dẹ. A bi àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Àkúrẹ́, a bi àwọn télọ̀, a sì ní kí wọ́n fi ohun náà hàn wá lójú ara wa. Ohun tí a rí nìyí.

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn ọmọ ń wọ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́, tàbí tí wọ́n ń wọ̀ létí òkun nígbà tí wọ́n bá lọ sí Èkó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ò wọ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tó lè tú àṣírí fóònù yìí tó o. Bí fóònù bá lè sọ òótọ́ nípa aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó lè sọ òótọ́ nípa gbogbo aṣọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, ká mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

KÍ NI OHUN NÁÀ GAN-AN?

Áàpù ni, tó ń fi aṣọ sí ènìyàn lára nínú àwòrán. Ẹ ó ya fọ́tò ara yín láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ó fi sínú fóònù, ẹ ó wá tẹ aṣọ tó wù yín nínú èyí tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí ẹ ó fi rí ara yín nínú aṣọ náà, pẹ̀lú ojú yín, pẹ̀lú àwọ̀ yín, àfi bí ẹni pé inú dígí lẹ ń wò.

Àwọn ilé ìtajà ńlá nílùú òyìnbó ló gbé e lárugẹ. Ní ọdún 2021, Walmart ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ra ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zeekit láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa fi aṣọ sára àwòrán ènìyàn. Nígbà tó di 2022, oníbàárà Walmart ti lè fi fọ́tò ti ara rẹ̀ wọ aṣọ wò. Ọdún 2022 yẹn náà ni Amazon bẹ̀rẹ̀ ti bàtà: ènìyàn á na kámẹ́rà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á sì rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Google gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Aṣọ òkè ti obìnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kó àwòrán oríṣiríṣi ènìyàn síbẹ̀, láti orí ẹni tó rí tín-ín-rín dé orí ẹni tó sanra dáadáa, láti orí apọ́nbéporẹ́ dé orí adúmáadán, kí oníbàárà lè mú ẹni tó jọ òun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fi kún un pé ènìyàn lè lo fọ́tò ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn áàpù kéékèèké tí a ò mọ baba wọn ti gbilẹ̀, tí wọ́n fi dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa níbí.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ má rò pé aṣọ gidi kan wà níbì kan tí fóònù ń gbé wọ̀ yín. Àwòrán méjì péré ló gbà: tiyín àti ti aṣọ. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà nínú rẹ̀ ti wo àìmọye àwòrán àwọn tó wọ aṣọ, ó ti mọ bí aṣọ ṣe ń ká lábẹ́ apá, ó mọ bó ṣe ń já sílẹ̀ níbi ìbàdí, ó mọ ibi tí òjìji máa ń bọ́ sí. Ó wá fi ohun tó mọ̀ yẹn ya àwòrán tuntun, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni, aṣọ náà sì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ayàwòrán kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ fún ogún ọdún. Bí ẹ bá fún un ní fọ́tò yín, yóò ya yín nínú aṣọ èyíkéyìí, ẹnu á sì yà yín. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan téèpù rí láyé rẹ̀. Ayàwòrán ni fóònù yìí, kì í ṣe télọ̀. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ yìí dání, ó ti mú èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

IRE TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

A ò ní torí pé ó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wa ká wá pe ohun rere ní burúkú. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, fóònù yìí sì mọ nǹkan nípa ìrísí. Ó lè fi hàn yín bí àwọ̀ osàn ṣe máa rí lára ẹni tó dúdú, àti bí àwọ̀ ewé ṣe máa rí lára ẹni tó pupa. Ó lè jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ kí ọrùn aṣọ òun jìn mọ̀ bóyá ọrùn náà jìn tàbí kò jìn. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: níbo ni ọmọbìnrin ti fẹ́ wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wò nínú ọjà wa? Ìró la fi ń ṣe yàrá. Ẹnì kan á di igun ìró mú lápá ọ̀tún, ẹnì kan lápá òsì, oníbàárà á wọnú rẹ̀, ọkọ̀ àti ọ̀kadà á máa kọjá. Ẹni tó bá ń wá ṣòkòtò lè fara da ìyẹn, á wọ̀ ọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó ń wá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bó bá wọ̀ ọ́ wò lórí fóònù ní yàrá rẹ̀, a ò lè bá a wí.

Ọmọ Mùsùlùmí tó fẹ́ bo ara rẹ̀ náà ń rí àǹfààní níbẹ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo orí, apá àti ẹsẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bọ̀kínì, obìnrin kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń jẹ́ Aheda Zanetti ló ṣe é ní ọdún 2004. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá rí i lára àwòrán ara rẹ̀ kó tó sanwó á mọ̀ bóyá ó bo ara tó bí òun ṣe fẹ́.

ÌDÍ TÍ AṢỌ ÌLÚWẸ̀Ẹ́ FI LE JU AṢỌ MÌÍRÀN LỌ

Ìró ò mọ ẹni tó sanra, kò mọ ẹni tó rù. Bí ara bá pọ̀ sí i, a ó tú u, a ó tún un wé. Bí bùbá bá fẹ̀, télọ̀ á gbà á wọlé. Bí ṣòkòtò bá gùn, wọ́n á gé e. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ò gba gbogbo ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara bí awọ. Bó bá tóbi, omi á wọnú rẹ̀, á wúwo, á máa bọ́ lára ọmọ ọlọ́mọ níṣojú gbogbo ènìyàn. Bó bá kéré, á máa gé èjìká, á máa fa itan, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní lè mí dáadáa.

Aṣọ náà kì í ṣe òwú. Òwú máa ń mu omi, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ kí ènìyàn fi síńgílẹ́ẹ̀tì wọ omi wọn. Ọ̀rá ni, náílọ́nù tàbí pọliẹ́sítà, tí wọ́n fi okùn kan tó ń nà bíi rọ́bà hun pọ̀ mọ́. Lycra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ okùn náà sí. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Shivers, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é jáde ní ọdún 1958. Okùn yìí ló ń jẹ́ kí aṣọ nà, kó sì tún padà sí ààyè rẹ̀. Ooru máa ń bà á jẹ́, oògùn klórínì tí wọ́n ń dà sínú omi òtẹ́ẹ̀lì náà máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tó ti gbó lè dára lójú, kó máa dán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á, kò ní padà mọ́. Ẹ̀yin tó ń tú béèlì òkìrìkà mọ ohun tí a ń wí. Ọwọ́ lẹ fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Fóònù ò ní ọwọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ti ìwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ ra bùbá, àyà àti apá ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ alódindi, ìwọ̀n mẹ́rin ló nílò. Ìkíní ni àyà, níbi tó yọ jù. Ìkejì ni ìbàdí, níbi tó tín jù. Ìkẹta ni ìdí, níbi tó fẹ̀ jù. Ìkẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀: ẹ ó fi téèpù lé orí èjìká, ẹ ó fà á wá síwájú kọjá lórí ọmú, ẹ ó gbà á láàárín itan, ẹ ó gbé e gba ẹ̀yìn padà sórí èjìká kan náà. Obìnrin méjì lè ní àyà kan náà, kí wọ́n ní ìdí kan náà, kí ìkẹrin yìí sì yàtọ̀ gan-an, nítorí pé ọ̀kan ga láti ìbàdí sókè, èkejì sì ga láti ìbàdí sílẹ̀. Fọ́tò tí a yà láti iwájú, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìyẹn?

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára aṣọ náà tún wà níbẹ̀. Èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 12, 8 ni Amẹ́ríkà sábà máa ń pè é, àwọn ará Yúróòpù a sì máa pè é ní 40. Aṣọ kan náà ni o. Èyí tó wá láti Ṣáínà, tí wọ́n kọ L sí lára, ó lè má tó M ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ bá tẹ 12 lórí fóònù láìmọ̀ ti ilẹ̀ ibo, àwòrán tó máa jáde á dára bákan náà. Àwòrán ò ní há, àwòrán ò ní ya. Ibi tí ẹ̀tàn wà gan-an nìyẹn: ayàwòrán yìí kì í ya aṣọ tí kò bá ènìyàn mu.

Ọmọ kan tí a mọ̀, tí ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wa, ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ báyìí fún ìpàdé ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lórí fóònù, ó rí bí ẹni pé wọ́n fi ara rẹ̀ dá a. Nígbà tó dé, àyà rẹ̀ wọ̀, ìdí rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti nàró, èjìká á máa fà á bí ẹni tí wọ́n so mọ́ òrùlé. Ọmọ náà ga láti ìbàdí sókè ni. Ó kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ẹni yẹn ní a kì í dá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ padà. Bí ọjọ́ ìbí náà ṣe kọjá nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ omi ló jókòó sí tó ń ṣọ́ báàgì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

TA NI YÓÒ GBÉ E PADÀ?

Èyí ló mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ti ìlú òyìnbó. Wọn ò ṣe fóònù yìí nítorí ká lè gbádùn nìkan. Wọ́n ṣe é nítorí ọjà tí àwọn oníbàárà ń dá padà ti pọ̀ jù fún wọn. Zalando, ilé ìtajà aṣọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi ní ilẹ̀ Jámánì, ti sọ fúnra rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì ọjà tí òun ń kó jáde ló ń padà wá. Níbẹ̀, ènìyàn lè ra aṣọ kan náà ní sáìsì mẹ́ta, kó wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, kó dá méjì padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2013 fún ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Síbẹ̀, wọ́n yọ ọjà tí wọ́n lẹ̀ pa nítorí ìmọ́tótó sílẹ̀, tí oníbàárà bá ti ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìsàlẹ̀ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun. Bí ẹ bá ti ya ọ̀rá yẹn, ó ti di tiyín.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà tí Jumia bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà láti bá wọn ṣòwò ni pé ènìyàn lè sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta aṣọ fún àwọn ọmọ wa, orí WhatsApp àti Instagram ni wọ́n wà. Owó á kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹrù sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní wébíìlì. Ọkọ̀ á já a sí Àkúrẹ́, ọmọ á wọ ọkọ̀ láti Ìjù lọ gbà á. Bí kò bá wọ̀, owó ọkọ̀ lílọ ti lọ, owó ọkọ̀ dídá padà ń bẹ níwájú, olówó ibẹ̀ sì lè má gbé fóònù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé òfin wà. Òfin ìdíje òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ọjà tí a rà nítorí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìjúwe náà mu. Ó tún fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà nígbà mìíràn, bí àpẹẹrẹ, bí kò bá rí àyè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, tó sì kọ̀ ọ́ nítorí kò bá ohun tí wọ́n júwe mu. Nítorí náà, kí ọmọ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun àti òǹtajà jọ kọ, kó tọ́jú àwòrán tó fi rà á àti ìwé owó. Òfin yìí de àwa náà o. Ẹni tó bá ń ta aṣọ lórí WhatsApp nínú wa, òǹtajà lòun náà.

ÀWÒRÁN ỌMỌ WA

Ọ̀rọ̀ owó ṣì fúyẹ́. Èyí tó wúwo jù ló kù yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ìyá tó lọ́mọ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kí áàpù tó lè fi aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sí ènìyàn lára dáadáa, ó fẹ́ rí ara náà. Àwọn mìíràn máa ń sọ fún ọmọ pé kó wọ aṣọ tó fún mọ́ra tàbí kó bọ́ èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ á ya ara rẹ̀ pẹ̀lú pátá àti kọ́mú nínú yàrá, á fi ránṣẹ́. Ibo ni àwòrán yẹn lọ? Kì í ṣe inú fóònù nìkan ló máa ń wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ sínú kọ̀ǹpútà àwọn tó ni áàpù, níbikíbi tí wọ́n bá wà láyé. Ilé iṣẹ́ ńlá tó lórúkọ á kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀. Àwọn tí a ò mọ baba wọn lè má kọ ohunkóhun.

Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Ọgbọ́n tó lè wọṣọ fún ènìyàn nínú àwòrán, ó lè bọ́ ọ lára ènìyàn nínú àwòrán. Ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, agbẹjọ́rò ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, David Chiu, pe àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́jọ́, nítorí pé wọ́n ń sọ fọ́tò àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin tó wọṣọ di ti ìhòòhò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwòrán irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Àwọn ọ̀daràn á wá fi ránṣẹ́ sí ọmọ pé kó sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fi han bàbá rẹ̀, àwọn á fi han ìjọ rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, kì í ṣe pẹ̀lú igbe. Ẹ sọ fún wọn báyìí:

Kí wọ́n má fi fọ́tò ara wọn sínú áàpù tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Kí wọ́n lo àwòrán ẹlòmíràn tí wọ́n pèsè síbẹ̀, tí ara rẹ̀ jọ tiwọn, èyí tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń ṣe. Bó bá di dandan kí wọ́n lo tiwọn, kí wọ́n wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra àti aṣọ òkè tó bo ara, kí wọ́n sì gé orí kúrò nínú fọ́tò náà. Kí ẹnikẹ́ni má lo fọ́tò ọmọdé fún irú nǹkan yìí rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n má sanwó, nítorí ẹni tó gba ti àkọ́kọ́ á padà wá. Kí wọ́n má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí wọ́n gbé e wá fún yín. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, mú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka tó ń rí sí i. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 náà sọ pé fọ́tò yín jẹ́ tiyín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ẹni tó gbà á pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá gbé e wá, ẹ má kọ́kọ́ nà án. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹgba ló ń dúró de òun nílé, á lọ yá owó lọ́wọ́ ẹni ibi.

OHUN TÍ ỌWỌ́ WA LÈ ṢE

Ẹ̀yin tó ń ta aṣọ, ẹ gbọ́ o. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Fóònù lè ní àwòrán jù wá lọ, kò lè fọwọ́ kan aṣọ bíi tiwa. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí kò ní ṣe ọjà tiwa.

Àkọ́kọ́, kí téèpù wà ní gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Bí ọmọ bá dé pẹ̀lú fóònù, ẹ má bá a jà, ẹ má ṣe yínmú sí i. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ó dára o. Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́." Ẹ wọn ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ ọ́ sínú páálí kékeré fún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Yálà ọ̀dọ̀ yín ló ti rà á tàbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, páálí yẹn á máa rán an létí ibi tó ti rí ìtọ́jú.

Ìkejì, ẹ fa aṣọ náà lójú oníbàárà. Ẹ jẹ́ kó rí i bó ṣe nà àti bó ṣe padà. Èyí tí kò bá padà mọ́, ẹ má tà á ní owó ti dáadáa. Àlòkù tó bá sì jẹ́ ti abẹ́ ara, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gánà fòfin de títa pátá àlòkù nítorí ìyẹn, Kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa náà sì ti fi aṣọ àlòkù sínú ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. A ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ ká ní yàrá ìwọṣọ kan nínú ọjà, tó ní ilẹ̀kùn, dígí àti ìkọ́ aṣọ. Igi àti páànù díẹ̀ ti tó. Bí àwọn aláṣọ bá dáwó jọ, kò ní ni ẹnikẹ́ni lára. Ọmọbìnrin tó bá rí ibi tó lè bọ́ra láìsí ojú ayé, kò ní nílò láti bọ́ra fún fóònù. Ìmọ̀ràn wa nìyí, a ó sì gbé e wá síwájú ìpàdé kí ẹ lè sọ tiyín sí i.

Ìkẹrin, ẹni tó bá ń ta lórí WhatsApp nínú wa, kó fi téèpù lélẹ̀ lórí aṣọ kó tó yà á ní fọ́tò, kí oníbàárà lè ka ínǹṣì fúnra rẹ̀. Kó sọ bí ìdápadà ṣe máa rí kó tó gba owó: ọjọ́ mélòó, ta ni yóò san owó ọkọ̀. Òǹtajà tó bá ṣe èyí, àwọn ọmọ á fi ọ̀rẹ́ wọn ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kà á fún ìyá yín, a ò ní kí ẹ má lo fóònù yín. Ẹ fi mú àwọ̀, ẹ fi mú irú ọrùn, ẹ fi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn ara yín, ẹ bi òǹtajà ní ìwọ̀n aṣọ ní ínǹṣì, kì í ṣe L tàbí M. Ẹ bi í bóyá ó ń gba ìdápadà. Bó bá kọ̀ láti dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì nìyẹn.

Ọjà Ìjù ò ní parun nítorí fóònù. Ọwọ́ tó ń fa aṣọ wò, tó ń na téèpù, tó ń bo oníbàárà lójú ayé, ọwọ́ yẹn la ó fi jẹun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rọ o.